Ìkúnlẹ̀ Màmá Oǹdó ní Bárékè

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n orúnkún wọn ṣì le ju tèmi lọ. Kì í ṣe pé mò ń yìn wọ́n. Orúnkún yẹn ló sé ọ̀nà ìwé mọ́ mi nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Orúnkún yẹn kan náà ni wọ́n gbé wọ bárékè àwọn ológun ní Àkúrẹ́ lọ́dún tó kọjá, tó kù díẹ̀ kí ó sé ọ̀nà mọ́ ọmọ ọmọ mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí àwa méjèèjì ṣì wà láyé, kí wọ́n lè fi awò ojú wọn kà á fúnra wọn. Bí mo bá dúró di ìgbà tí ọ̀kan nínú wa bá lọ, yálà kí wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, tàbí kí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ni yóò kù láti sọ tèmi. Èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ tèmi.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Oǹdó ni mo lọ́kọ sí. Ọkọ mi ti lọ, ó sì fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ fún mi bí ogún. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti padà sí Àkúrẹ́, sínú ilé kékeré tí mo kọ́ sí ọ̀nà Ìjù, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bi mí ohun tí mo fẹ́ sè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà ní Oǹdó nínú ilé bàbá wọn. Àwọn ọmọ ń pe èmi ní Màmá Àkúrẹ́, wọ́n sì ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Màmá Oǹdó. Bí wọ́n ṣe pín ìlú fún wa nìyẹn tí a kò fi jà.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni ọmọ tí àkọ́bí mi bí. Dókítà eyín ni, ológun sì ni. Nígbà tó wà ní yunifásítì, tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò ká ìwé náà mọ́, àwọn ológun gbà láti rán an lọ títí yóò fi parí. Òun náà fọwọ́ sí i pé bí òun bá ti gba oyè, òun yóò wọ aṣọ wọn, òun yóò sì sìn wọ́n títí iye ọdún tí wọ́n jọ fẹnu kò sí yóò fi pé. Màmá Oǹdó sunkún nígbà náà. Wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń wọ bàtà ológun yọ eyín. Mo ní ẹni tí eyín bá ń dùn yóò fẹ́ ẹ.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ìhà Àríwá, níbi tí ìjà ti ń lọ lọ́wọ́. Èmi rò pé eyín tó kẹ̀ ni yóò máa yọ níbẹ̀. Ó di ìgbà tó wálé fún ìsinmi kí n tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bá mi bó ẹ̀gúsí.

Ó ní, “Màmá, wọ́n máa ń gbé ọmọkùnrin dé tí eegun àgbọ̀n rẹ̀ ti fọ́. Mo máa ń fi wáyà so eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ kó má baà mì, mo sì máa ń fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Mi ò ní gbọ́ bó ṣe parí.”

“Kí lo wá fẹ́ ṣe?”

“Mo fẹ́ jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé wọn lọ.”

Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò rántí èyí tó sọ ohun tó fẹ́ ṣe láyé ní gbólóhùn tó kúrú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tèmi, bí o bá bi wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá wọn.

Ó kàwé láàárín iṣẹ́, ó ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń mú àwọn dókítà tó fẹ́ di àgbà nínú iṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n, ó sì yege. Oǹdó gan-an ló ti rí àyè, ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ wọn. Nígbà náà, wọ́n ti gbé e wá sí bárékè Àkúrẹ́. Ọdún ìsìn rẹ̀ ti ń lọ sópin, ṣùgbọ́n kò tíì pé. Bí àwọn ológun kò bá yọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n lè tún gbé e padà sí Àríwá, kò sì sí ẹni tó lè bi wọ́n léèrè. Ilé ìwòsàn Oǹdó náà kò ní dúró dè é. Oṣù tí àwọn tuntun ń wọlé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹni tí kò bá sì dé, wọ́n á fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì obìnrin kan tó ń darí ilé ìwòsàn bárékè. Ọmọ Yorùbá ni, láti ìhà Ọ̀yọ́. Ó le bí ẹ̀kùrọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojúsàájú. Ó ti sọ fún ọmọ mi pé, “Lọ máa ṣiṣẹ́ rẹ. Mo máa fi ọ̀rọ̀ tèmi sí i, màá sì fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Má jẹ́ kí n gbọ́ ariwo.” Ohun tó kù kò ju pé kí gbogbo wa pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ló jókòó sí ìdí tábìlì mi tó ń sọ èyí fún mi, inú rẹ̀ ń dùn.

Mo ní, “O ò tíì sọ fún Màmá Oǹdó, àbí?”

Ó ń jẹun lọ. “Mo ti sọ.”

“Kí lo sọ?”

“Mo ní kí wọ́n bá mi gbá yàrá ẹ̀yìn, pé mò ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wọn, ó ku kí ọ̀gá mi fọwọ́ sí i.”

“O sọ pé ó ku ọ̀gá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Kí ló dé?”

Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀. “Wọ́n á lọ bẹ̀ ẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èèyàn kì í ṣàdédé wọ bárékè lọ bẹ ọ̀gá ológun. Ọmọdé ni. Kò mọ orúnkún tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ kékeré ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Oǹdó, wọ́n yàn mí pé kí n lọ sí yunifásítì lọ fi kún ìwé mi, kí wọ́n sì máa sanwó oṣù mi lọ. Àwọn tó ń rí irú àyè bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò pọ̀, àwọn obìnrin inú wọn kò tilẹ̀ tó nǹkan. Àkọ́bí mi ti ń rìn, ìyá mi sì ti gbà láti tọ́jú rẹ̀. Ó ku kí ọ̀gá ẹ̀kọ́ tí ìjọba fi ṣe olórí àwọn ilé ìwé agbègbè wa fọwọ́ sí i. Ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kọrí sí ọ́fíìsì ọkùnrin náà, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n ní kí ó ṣàánú ìdílé wa, kí ó má jẹ́ kí ìyàwó àwọn lọ, ilé àbúrò àwọn yóò tú. Ọ̀gá náà kéré sí wọn. Nílẹ̀ yìí, ẹni tí àgbà bá kúnlẹ̀ fún ti jẹ̀bi kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Ó ní kí wọ́n dìde, òun ti gbọ́.

Wọ́n gbé àyè mi fún ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, tó jẹ́ pé bó bá ya Áfíríkà sí ojú pátákó, á dà bí bàtà tí ajá ti jẹ. Ọkùnrin yìí padà wá di ọ̀gá mi. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni èmi àti òun jọ ń lọ báyìí ní Àkúrẹ́. Etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mo sì máa ń jókòó sí, tí mo ń sọ ohun tó bá wà lọ́kàn mi. Á máa mi orí, á ní, “Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.”

Akọ̀wé ọ́fíìsì ló sọ ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ náà fún mi. Nígbà tí mo bi ọkọ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé kí n nà wọ́n ni?” Màmá Oǹdó fúnra wọn sẹ́ kanlẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ló yí ọkàn padà. Wọ́n sì ti ń sẹ́ ẹ bọ̀ láti ìgbà náà, ní ibi ìkómọ, ní ibi ìgbéyàwó, ní ibi ìsìnkú ọkọ mi pàápàá. Mo padà gba oyè náà o, nígbà tí àwọn ọmọ ti dàgbà, tí àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì ń pè mí ní Màmá. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni mo ń rántí.

Ọjọ́ kejì tí ọmọ mi ti wá jẹun lọ́dọ̀ mi, Màmá Oǹdó wọ mọ́tò wá sí Àkúrẹ́. Wọn kò yà lọ́dọ̀ mi. Ọjà Ọba ni wọ́n gbà lọ, wọ́n ra iṣu tó dára, wọ́n dì í, wọ́n sì ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbé àwọn lọ sí bárékè. Ológun tó wà lẹ́nu géètì bi wọ́n bóyá ọ̀gá ń retí wọn. Wọ́n ní, “Ta ni kì í retí ìyá rẹ̀?” Ọmọ ọlọ́mọ rò pé ìyá ọ̀gá ni. Ó gba iṣu lọ́wọ́ wọn, ó kó o sí yàrá àwọn ẹ̀ṣọ́, ó sì fi ọ̀wọ̀ mú wọn wọlé.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì dìde láti kí àgbà. Kí ó tó la ẹnu, Màmá Oǹdó ti wà nílẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ pe obìnrin náà ní òṣìkà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dìde. Wọ́n ní àwọn kò ní dìde àfi bí ó bá fọwọ́ sí ìwé ọmọ àwọn. Ó tún ní kí wọ́n dìde. Wọ́n di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Kí wá ni ọmọ Yorùbá yóò ṣe nígbà tí ẹni tó tó ìyá rẹ̀ bá wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀? Òun náà kúnlẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ológun yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ológun tó wọ aṣọ iṣẹ́ kì í kúnlẹ̀, kì í dọ̀bálẹ̀, ìbáà jẹ́ bàbá tó bí i ló wà níwájú rẹ̀. Bẹ́rí ni wọ́n ń bẹ́rí. Fèrèsé ọ́fíìsì sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń kọjá rí ọ̀gá wọn pẹ̀lú ìyá arúgbó kan lórí orúnkún, ojú kojú, tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Ọ̀kan tilẹ̀ ṣí fìlà.

Nígbà tí wọ́n ti fi ọgbọ́n mú Màmá Oǹdó jáde, Kọ́nẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ pe ọmọ mi.

“Ṣé ìwọ lo rán wọn?”

“Rárá, ọ̀gá.”

“Wọ́n mọ̀ pé ìwé rẹ wà lórí tábìlì mi. Ta ló sọ fún wọn?”

Òun fúnra rẹ̀ ni. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní, “O mọ̀ pé ẹni tó bá fi ará ilé rẹ̀ ti ọ̀gá kó lè rí ohun tó fẹ́ gbà, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá nínú iṣẹ́ yìí. Tí mo bá sì fi ìwé yìí ránṣẹ́ lónìí, gbogbo àwọn tó rí mi nílẹ̀ yẹn á ní ẹ̀bẹ̀ ló gbé e lọ. Ó máa dúró síbí títí màá fi mọ ẹni tó rán wọn.” Ó ṣí àpótí tábìlì, ó fi ìwé náà sínú rẹ̀, ó tì í.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi pè mí lórí fóònù. Kò sunkún. Àwọn ológun ti kọ́ ọ láti má sunkún, mo sì ń bínú sí wọn fún ìyẹn náà. Ó ní ọjọ́ ìwọlé ti sún mọ́lé, bí ìwé náà bá wà nínú àpótí kọjá ọ̀sẹ̀ yìí, kí a gbàgbé Oǹdó. Ó wá ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá bẹ̀ ẹ́.”

Mo ní, “Ta ló fẹ́ bẹ̀ ẹ́? Ìwọ ṣá lọ tọrọ àyè bó ṣe yẹ kí o tọrọ rẹ̀, pé àgbà méjì fẹ́ rí i. Sọ fún un pé a fẹ́ wá gba ẹ̀bẹ̀ padà ni.”

Ó ní, “Ṣé wọ́n máa ń gba ẹ̀bẹ̀ padà?”

Mo ní a máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbà. Bóyá ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Mo bá Màmá Oǹdó nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ti gbá a, wọ́n ti kó àwọn àpótí àtijọ́ jáde, wọ́n ń ta aṣọ sí ojú fèrèsé, wọ́n sì ń kọrin.

“Ìyàwó wa, o káàbọ̀. Mo ti bá yín parí rẹ̀.”

“Kí lẹ parí, Ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, òun náà kúnlẹ̀ fún mi. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Wọ́n mà ń purọ́ mọ́ àwọn ológun.”

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo sọ ọ́ ní kíkún, mi ò yọ nǹkan kan sílẹ̀, mo sì jẹ̀gbádùn rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò jókòó sí, títí wọ́n fi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ fún ọmọ náà.

“Ẹ̀bẹ̀ ti wá di ẹ̀ṣẹ̀?”

“Lọ́dọ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ilẹ̀ wo nìyẹn?” Wọ́n fọwọ́ pa bẹ́ẹ̀dì náà. “Ọmọ náà kò wá ní wá mọ́?”

Mo ní bí a kò bá tún un ṣe, kò ní wá. Wọ́n dìde. “Ó yá. Ká lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.”

Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ńlá ni. Mo ní, “Ẹ ò ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ máa lọ sọ pé kò sẹ́ni tó rán yín, ẹ máa gba ẹ̀bẹ̀ yín padà, ẹ máa gbé iṣu yín. Lórí ìdúró.”

“Lórí ìdúró?”

“Lórí ìdúró, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mi ò tíì tọrọ nǹkan lórí ìdúró rí.”

“Ẹ ò tọrọ nǹkan kan. Ẹ̀ ń dá a padà ni.”

Wọ́n ní ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tí ẹ ń pe ilé ní ‘ulé’, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ kọ́ ará Oǹdó bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ bàtà. Nínú mọ́tò, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi gbọ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti ní “ọmọ mi, jọ̀ọ́,” ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó, títí orúnkún wọn fi kan ẹ̀yìn awakọ̀. Awakọ̀ ní, “Màmá, ẹ má bínú, ṣé mò ń sáré jù ni?”

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì Kọ́nẹ́ẹ̀lì, mo rí i pé wọ́n ti pa fèrèsé dé. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó sì ti ti tábìlì náà jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú aṣọ ológun rẹ̀, ojú rẹ̀ le, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní, “Ẹ jókòó, ẹ̀yin Màmá.”

Mo ní, “A máa dúró.”

Màmá Oǹdó wò mí. Mo wò wọ́n. Mo rí i tí orúnkún náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, mo sì ki apá mi bọ abẹ́ apá wọn, mo dì wọ́n mú ṣinṣin bí ẹni di ewúrẹ́ mú lọ́jà.

Wọ́n ní, “Kò sẹ́ni tó rán mi. Yàrá ni ọmọ yìí ní kí n gbá. Kò ní kí n wá síbí, kò sì mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo wá gba ẹ̀bẹ̀ mi padà.” Wọ́n mí. Mo rò pé ó ti parí, àfi bí wọ́n ṣe ń bá a lọ. “Èmi ni mo rán ara mi. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí mo ṣe rán ara mi nígbà ti ìyàwó yìí náà nìyẹn, tí mo lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá ẹ̀kọ́ kí wọ́n má jẹ́ kó lọ sí yunifásítì.”

Ọmọ mi tó kọ̀ tí kò wò wá láti ìgbà tí a ti wọlé wá yí ojú padà, ó wò mí.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní, “Ìyẹn ńkọ́, Màmá? Ṣé wọ́n jẹ́ kí Màmá yìí lọ?”

“Wọn ò jẹ́.”

“Ẹ̀bẹ̀ yín mà ń ṣiṣẹ́ o.”

“Ó ń ṣiṣẹ́ jù, ọmọ mi. Ìdí tí mo fi wá gbà á padà nìyẹn.”

Mo ti ń dúró de gbólóhùn yẹn láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ fún ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó dùn, tó mú, tí mo máa ń tún tò nígbà tí oorun kò bá kùn mí. Ọjọ́ dé, mi ò lè sọ ọ̀kan. Orúnkún wọn ń wá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí mo bá fi apá wọn sílẹ̀ láti na ìka sí wọn, wọ́n á kúnlẹ̀, ìwé ọmọ mi á sì padà sínú àpótí. Mo di apá náà mú. Ọ̀rọ̀ tí mi ò rí sọ níbẹ̀ ni ẹ̀ ń kà yìí.

Ẹnu Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní, “Mo ti gbọ́. Mo gbà pé kò rán yín. Ìwé rẹ̀ máa lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Ohun tí Àbújá máa wí, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ bá wọn níbẹ̀.” Màmá Oǹdó ń wolẹ̀. “Ẹ gbé iṣu yín. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.” Ó wá kọjú sí mi. “Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Kí lẹ̀yin wá bẹ̀?”

“Mi ò bẹ nǹkan kan. Olùkọ́ ni mí.”

Ó dìde, ó fi fìlà rẹ̀ sórí, ó dúró gbọnrangandan, ó sì bẹ́rí fún àwa méjèèjì. Ọmọ mi náà bẹ́rí. Màmá Oǹdó kò mọ ohun tí wọn yóò fi dáhùn, wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń súre.

Nígbà tí a jáde, wọ́n ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà níbẹ̀ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ó tètè ń parí.”

A gbé iṣu náà láàárín wa dé ẹnu géètì, ológun tó gbà á wọlé lọ́jọ́ kìíní ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àbújá dáhùn kí àwọn tuntun tó wọlé ní Oǹdó. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní bó bá ti kọ́ iṣẹ́ náà tán, yóò padà wá sìn wọ́n, ọdún èyí yóò sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó ka ibẹ̀ fún mi, mo bi í bóyá ó mọ̀ pé òun tún ti fi ọrùn ara rẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ó ní, “Màmá, ibo ni wọ́n ti ń rí àgbọ̀n tó fọ́ jù?”

Ó ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì tún fi iṣẹ́ rán òun sí Màmá Oǹdó: pé lọ́jọ́ tí òun bá bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, òun náà ń bọ̀ ní Oǹdó wá kúnlẹ̀ kí wọn, kí ó má dà bíi pé òun jẹ wọ́n ní ìkúnlẹ̀ kan.

Ó ti wà nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn báyìí. Láàárọ̀, á lọ sí ilé ìwòsàn; nírọ̀lẹ́, á fi eegun àgbọ̀n tí wọ́n fi ike ṣe sórí tábìlì, á máa yí i sọ́tùn-ún sósì. Màmá Oǹdó ti da aṣọ ìnujú bo nǹkan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ó ń wo àwọn. Gbogbo ará àdúgbò tí eyín bá ń dùn ni wọ́n ń darí sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé, “Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má kúnlẹ̀ o. Wọn kì í fẹ́ ẹ.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí i níbẹ̀, iṣu bárékè ni wọ́n fi gún iyán. Màmá Oǹdó ti tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ náà, wọ́n ní iṣu tó ti wọ àtìmọ́lé ológun kò gbọdọ̀ di àásáró lásán. Ọmọ mi ló gún un, pẹ̀lú apá tó fi ń yọ eyín. Iyán náà funfun, kò ní kókó kan. A jẹun, a rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ náà sọ fún aládùúgbò kan, nínú ìsọ tiwọn sì ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Mi ò tún un ṣe.

Mi ò tíì dárí jì wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iyán lè ṣe ìyẹn. Nígbà tí mo jẹun tán, tí mo fọwọ́, wọ́n bi mí bóyá ọbẹ̀ náà dára.

Mo ní iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀.